Obìnrin Tó Ń Dá Tírélà Dúró

Nígbà tí mo kúrò nílé, mi ò pe ibi tí mò ń lọ ní ìlú òkèèrè. Ṣábẹ ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún, Yorùbá náà ló sì fi ń bú mi. Mo rò pé bí ìgbà tí èèyàn kúrò ní yàrá kan bọ́ sí ìkejì nínú ilé kan náà ni yóò rí. Kò pẹ́ tí ojú mi fi là.

Ọṣẹ ni mo fẹ́ rà ní Takie, láàárín Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin tó ń tà á gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ó tiẹ̀ ti ń dì í sínú ọ̀rá kó tó gbójú sókè wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ará Kùtọnu ni yín?"

Mi ò sùn ní Kùtọnu rí láyé mi. Mo ní Ṣábẹ ni mo ti wá.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí, "Kùtọnu náà nìyẹn."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ọṣẹ náà síbẹ̀. Mo ti rin ọ̀nà jìn kí n tó rántí, ìgbéraga ò sì jẹ́ kí n padà. Omi lásán ni mo fi wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó lé mi jáde kò ṣàjèjì. Ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ gba oko tí a jọ ń dá, ọmọbìnrin wa Àríkẹ́ sì ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Mo fi í sọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ tí mo bá rí iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, màá ránṣẹ́ sí i kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ rántí ojú mi dáadáa, ìyẹn sì dùn mí ju ẹkún lọ.

Nígbà yẹn, wọ́n ń wó ojú ọ̀nà àtijọ́ tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, wọ́n fẹ́ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ẹrù tó ń ti òkè ọya bọ̀ ló ń gba ibẹ̀: tòmátò, àlùbọ́sà, màlúù, iṣu. Gbogbo èyí tó ń ti Èkó lọ sókè náà ń gba ibẹ̀: sìmẹ́ńtì, epo bẹntiróò, àti ohun tí wọ́n fi tapólì bò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Wọn ò lè ti irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pa kí wọ́n ní káwọn èèyàn padà wá tó bá yá. Ní ìparí ìlú, lápá ibi tí èèyàn ń gbà lọ sí Ọ̀yọ́, afárá kan wà tí wọ́n ti wó pátápátá. Wọ́n kó erùpẹ̀ pupa lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ga, ó di ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún, ọ̀gbun wà lósì. Bí àwọn tó ń bọ̀ láti apá Ọ̀yọ́ bá ń kọjá, àwọn apá Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ dúró, lẹ́yìn náà ó tún máa kan tọ̀hún.

Oúnjẹ ni mo wá sè fún àwọn òṣìṣẹ́. Mò ń gbé ìkòkò mi bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ tó kó òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn bọ̀ wá bá mi. Mo pariwo mọ́ ọn. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, obìnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn sì yíjú sí mi.

"Ẹ gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀," ló wí. "Ohùn tí mo ti ń wá nìyí."

Madam Débórà nìyẹn, ọ̀gá tó ń bójú tó lílọ bíbọ̀ ọkọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, onítẹ̀bọmi tó ń gbàdúrà láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àdúrà náà kì í gùn: "Olúwa, má jẹ́ ká gbé òkú ẹnikẹ́ni lónìí." Gbogbo wa, àtìmàle àtonígbàgbọ́, ni à ń ṣe àmín tó lágbára.

Ó fi fílàgì lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa dá ọkọ̀ dúró. Tírélà ni mo kọ́kọ́ gbé fílàgì pupa sí. Ó ń bọ̀, kò sì jọ ẹni tó fẹ́ dúró. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá, ọwọ́ mi ni kò gbà. Nígbà tó dúró, ooru ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fẹ́ lù mí lójú.

Dírẹ́bà yọ orí. "Ìyá, ṣé ikú ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá fi ṣeré? Tòmátò ni mo kó o!"

"Ẹ dúró."

"Ó ti ń somi! Ta ló tiẹ̀ gbé obìnrin síbí?"

"Ẹni tó ń ṣe ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà. Ẹ pa iná ọkọ̀ yín."

Ó bú mi, ó bú Madam, ó bú ìjọba. Nígbà tó wá kàn án tí mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ, ó fẹ́ fèrè ọkọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa! Ẹ ò ní rí ibi!" Mo dúró, mò ń wo eruku rẹ̀. Nílé wa, bí èèyàn bá bú ẹ báyẹn, ìjà ọdún kan ni. Níbí, ẹnu kan náà ló fi ń ṣépè tó sì fi ń ṣàdúrà, kò sì sí èyí tó dénú nínú méjèèjì. Ó pẹ́ kí n tó yé gbé èébú wọn sùn.

Sábó ni mo gba yàrá sí. Àwọn tó ti òkè ọya wá ló pọ̀ níbẹ̀, oníṣòwò ni wọ́n. Lálaalẹ́ ni mò ń gbọ́ Haúsá lẹ́yìn ògiri, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, ara sì máa ń tù mí. Ibẹ̀ nìkan ni mi ò ti jẹ́ àjèjì ju ẹlòmíràn lọ. Láàárín àwọn tó ń sọ èdè tèmi gan-an ni ìdánìkanwà ti máa ń mú mi, torí bí mo bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un wí.

Ẹni kan ṣoṣo tí ẹ̀rín rẹ̀ kì í bí mi nínú ni Bàbá Lásísì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, oníṣẹ́ awọ. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ti ń rán tìmùtìmù àti àpò, kí báàgì olówó pọ́ọ́kú tó gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Òun ló ń di fílàgì mú ní ìpẹ̀kun apá Ọ̀yọ́, èmi wà ní ìpẹ̀kun apá Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà tóóró yẹn wà láàárín wa.

"Ìyá Àríkẹ́," á wí nígbà tá a bá pàdé nídìí oúnjẹ, "ṣé ẹ̀yin ará Ṣábẹ lẹ sá kúrò lọ́dọ̀ wa láyé ọjọ́un ni, àbí àwa la lé yín?"

"Àwa la fi yín sílẹ̀. Ariwo yín ti pọ̀ jù."

Á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi mú un.

Madam Débórà ti là á mọ́lẹ̀ fún wa pé bí wọ́n bá parí afárá yẹn, apá kejì iṣẹ́ náà yóò gùn jù ú lọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa ni òun máa kó lọ. "Ẹni tí ọkọ̀ bá kọlu ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má wulẹ̀ wá bẹ̀ mí," ló wí. Èmi gbọ́ ọ yé. Apá kejì yẹn ni iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àríkẹ́ ni apá kejì yẹn.

Ó máa ń fi fóònù ìyá mi pè mí lọ́sàn-án.

"Ìyáà mi, ṣé wọ́n ti mú yín fún apá kejì?"

"Wọn ò tíì mú ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ̀ ń ṣe é dáadáa?"

"Mò ń ṣe é dáadáa."

"Kí ni ariwo yẹn?"

"Àwọn tó fẹ́ràn mi ni. Gbé fóònù fún ìyá àgbà."

Wàhálà wa bẹ̀rẹ̀ níbi wọ́kì-tọ́kì, ẹ̀rọ tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Èyí tí wọ́n fún wa kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù sì ń wá, ó ń lọ bó ṣe wù ú. Níwọ̀n bí a ò ti lè rí ara wa nítorí kọ́nà tó wà láàárín, a máa ń fún dírẹ́bà tó bá kẹ́yìn ní fílàgì kékeré kan pé kó gbé e fún ẹnì kejì. Bí ẹnì kejì bá ti rí i, ó mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà, ó lè tú tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà tó dáa ni, ká ní àwọn dírẹ́bà ń dá fílàgì padà. Wọn ò dúró. Wọ́n ń gbé e lọ sí Ìlọrin, wọ́n ń fi nu gíláàsì. Fílàgì tán.

Bàbá Lásísì ló ní ká máa fi ẹ̀ka ewé há iwájú ọkọ̀ tó bá kẹ́yìn. Ewé ò wọ́n, bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé e dé Kánò, igbó ò tán.

Mo ní, "Ọkọ̀ tó bàjẹ́ ńkọ́? Ṣebí ewé náà ni wọ́n ń fi sí i lára káwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀."

Ó wò mí tàánútàánú. "Ìyá Àríkẹ́, ọkọ̀ tó bàjẹ́, ṣé ó ń rìn? Báwo ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. A fi ewé ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ débi pé a gbàgbé pé fílàgì wà rí.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Erùpẹ̀ pupa yẹn ti gbẹ, bí ọkọ̀ ńlá kan bá gba orí rẹ̀, eruku á bo gbogbo ibẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á sún sẹ́yìn gan-an kí wọ́n tó lè ríran. Ọkọ̀ kan tó kó ẹja láti Èkó ti bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lápá Ọ̀yọ́. Dírẹ́bà rẹ̀ ti ki ewé bọ iwájú, ó ti ki ewé bọ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ yẹn ni mẹkáníìkì tún un ṣe tán. Òórùn ẹja tó ń jẹrà ti ń lé dírẹ́bà sáré, kò ráyè yọ ewé kúrò. Ó wọ àárín àwọn tí Bàbá Lásísì tú sílẹ̀, ó ń bọ̀.

Èmi rí i tó yọ ní kọ́nà, ewé tútù lójú rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, eruku nìkan ni, mo gbà pé òun ló kẹ́yìn. Ó kọjá lára mi. Mo yí padà sí àwọn tèmi, mo sì juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Táńkà tó lọ kó epo bẹntiróò ní Ìlọrin ló wà níwájú.

Ó ti wọ ojú ọ̀nà tóóró tán, àwọn mìíràn ti wọlé tẹ̀ lé e, kí n tó rí iná bọ́ọ̀sì nínú eruku lọ́hùn-ún.

Mo fọn fèrè ẹnu mi títí èémí fi tán nínú mi. Mo sáré. Mi ò mọ bí mo ṣe gba ẹ̀gbẹ́ táńkà yẹn kọjá, torí ààyè tó wà níbẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ méjì. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, imú táńkà àti imú bọ́ọ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Wọn ò kọlu ara wọn. Mo fẹ́ dúpẹ́, ni mo gbọ́ tí nǹkan ń ṣe sìì lábẹ́ táńkà.

Dírẹ́bà táńkà ò pariwo. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. "Ìyá, afẹ́fẹ́ bíréèkì ń jò. Mo ti fi igi há táyà. Mi ò lè fẹ̀yìn rìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí. Àwọn yẹn ló máa padà, kí wọ́n sì tètè ṣe é."

Mo lọ bá oníbọ́ọ̀sì. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀, mo sì ń bọ̀," ló wí. "Èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀. Mi ò lọ sẹ́yìn."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ti ń bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n ń bínú, wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀, ará Kùtọnu ni! Àjèjì ni wọ́n gbé ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́!" Òmíràn gbè é. Mò ń gbọ́ sìì yẹn lẹ́yìn mi. Mò ń wo etí ọ̀nà, níbi tí erùpẹ̀ ti ń ya díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ táyà. Ẹ̀rù bà mí fún gbogbo wọn, àmọ́ n ò ní purọ́, ojú Àríkẹ́ ni mò ń rí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ mi, mi ò tíì kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú oníbọ́ọ̀sì.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀."

Àgbàlagbà obìnrin kan ló yọ orí ní fèrèsé bọ́ọ̀sì, ìborùn funfun lórí rẹ̀. "Ìwọ dírẹ́bà yìí, ọmọlọ́mọ kúnlẹ̀ fún ọ lójú títì, o ṣì dúró bí òpó! Epo bẹntiróò lo fẹ́ bá jiyàn? Ṣílẹ̀kùn fún wa." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lérí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn padà sí apá Ọ̀yọ́. Gbogbo èrò tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn rí èrò tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lára wọn, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun. Iyàn tán lẹ́nu wọn.

Bàbá Lásísì ti sáré dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn pátápátá, ó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì tí yóò kẹ́yìn, mò ń gbá a lára: "Máa bọ̀. Máa bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀. Dúró! Ó ti tó, máa bọ̀." Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kékeré kan yọ̀ sétí ọ̀gbun, àwọn ọkùnrin tó ń bú mi lẹ́ẹ̀kan gbé e sókè padà sójú ọ̀nà, èmi náà wà láàárín wọn. Nígbà tí táńkà wá kọjá lára mi, dírẹ́bà rẹ̀ kàn gbọ́wọ́ sókè díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo jókòó sílẹ̀.

Madam Débórà ò pariwo. Ó mú wa lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó irin sí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa fi ewé ṣe é?"

"Èmi ni, Mà," ni Bàbá Lásísì wí. Kò jẹ́ kí n mí. "Ó kìlọ̀ fún mi pé ọkọ̀ tó bàjẹ́ ń lo ewé. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló tú táńkà sílẹ̀?"

"Èmi ni, Mà," ni mo wí.

Madam ní òun náà ló yẹ kí òun ti wá wọ́kì-tọ́kì mìíràn. Ó ní síbẹ̀, kọ́ńpìnnì máa bèèrè, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Bàbá Lásísì ti ń bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lè padà sí, Mà. Ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn yìí ò ní."

Mo fẹ́ sọ pé mo ní ilé, pé kò sẹ́ni tó rán an kó ṣàánú mi. Inú mi bàjẹ́ nítorí rẹ̀, inú mi sì dùn pé èmi kọ́, mo sì kórìíra ara mi pé méjèèjì wà nínú mi papọ̀. Ó ká jákẹ́ẹ̀tì náà dáadáa bí ẹni tó ń ká awọ, ó gbé e fún Madam, ó sì dágbére fún mi bí ẹni tá a tún máa ríra lọ́la. Omijé mi ò dúró de ìgbà tó lọ tán.

Wọ́kì-tọ́kì tuntun dé. Madam gbé mi lọ sí ìpẹ̀kun apá Ọ̀yọ́, sí àyè Bàbá Lásísì. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àdúrà, ó kàn ní, "Ìyá Àríkẹ́, ẹ wà nínú àwọn tó ń lọ sí apá kejì," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Èmi ni mo pe ilé lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá mi wá ẹni tó mú Àríkẹ́ dé Ṣakí, ẹni yẹn sì wá ọkọ̀ tó gbé e gba Ìséyìn dé Ọ̀yọ́. Bàbá Lásísì ló lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì. Mo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó ní kí n má bẹ òun, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà gbọ́n ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó ní àwọn jọ máa bá bọ́ọ̀sì bọ̀.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ohùn ẹnì kejì mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lórí wọ́kì-tọ́kì pé òun ti tú tòun sílẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, pé tírélà ló wà níwájú. Mo gbé pupa sókè. Bọ́ọ̀sì kan tó ń sáré bọ̀ kí ọ̀nà tó tì mọ́ ọn dúró níwájú mi gan-an. Ojú Bàbá Lásísì ni mo kọ́kọ́ rí ní fèrèsé. Ojú kejì ti gùn díẹ̀ sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti fọn, àmọ́ bó ṣe ń wò mí nígbà tí mo fi í sílẹ̀ náà ló tún ń wò mí.

"Ìyáà mi!"

Dírẹ́bà yọ orí. "Ìyá, wọ́n ní ọmọ yín ló wà níbí! Ẹ jẹ́ ká yọ́ kọjá kí wọ́n tó dé."

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ń ṣí.

"Jókòó!" Bí mo ṣe ń jágbe mọ́ tírélà ni mo ṣe jágbe mọ́ ọn. "Má sọ̀ kalẹ̀! Ẹ̀yin náà, ẹ pa iná ọkọ̀ yín. Kò tíì kàn yín."

Ilẹ̀kùn padé. Mo gbọ́ tí Bàbá Lásísì ń sọ fún dírẹ́bà pé, "Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu, mo mọ obìnrin yẹn."

Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹni tó bá di fílàgì mú kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára ọkọ̀ tó ń bọ̀. Tírélà kọjá, ọkọ̀ màlúù kọjá, àwọn kékeré tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ń fọn eruku sí mi lójú. Mi ò yí padà. Mo mọ̀ pé Àríkẹ́ ń wo ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì mi. Mo di igi fílàgì mú débi pé ọwọ́ ń ro mí.

Ohùn inú wọ́kì-tọ́kì ní ọkọ̀ tòun ti tán. Mo ní kó tún un wí, ó tún un wí. Mo sọ pupa kalẹ̀, mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo juwọ́ sí wọn.

Bọ́ọ̀sì rọra gbéra. Àríkẹ́ na ọwọ́ jáde ní fèrèsé, èmi náà na tèmi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì gba orí tèmi kọjá. Ó gbóná, ó ti tóbi. Mi ò lè dì í mú, torí ọkọ̀ ṣì pọ̀ lẹ́yìn wọn.